Bí A Ṣe Ń Lóye Monad Nínú Haskell

Haskell jẹ́ èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, monad sì ni ọ̀nà tí a ń gbà so àwọn ìgbésẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, tí èsì ọ̀kan fi ń lọ sínú èkejì. Ẹ ṣí GHCi, níbi tí a ti lè dán Haskell wò ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá ní in lè lo Optional ti Java, tí ó wà láti ẹ̀dà 8 ní ọdún 2014. Níbẹ̀, flatMap ni orúkọ iṣẹ́ ìsopọ̀ tí a fẹ́ kọ́ yìí. Ìwé àti pẹ́ńsù ni èmi fi ń bẹ̀rẹ̀, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fo ìyẹn.

Ẹ kọ́kọ́ kọ function tí ó lè kùnà, tí èsì rẹ̀ jẹ́ Maybe: Just pẹ̀lú iye bí ó bá yọrí, Nothing bí kò bá yọrí. Tèmi ni pinmeji, tí irú rẹ̀ jẹ́ Int -> Maybe Int: bí nọ́ńbà bá ṣeé pín sí méjì dọ́gba, ó dá Just àti ìdajì rẹ̀ padà, bí kò bá ṣeé pín, ó dá Nothing padà.

Ìsopọ̀, ìyẹn fífi èsì pinmeji kan fún pinmeji mìíràn, ni iṣẹ́ tí ó ń da àwọn ènìyàn láàmú. Wọ́n ti gbọ́ pé àpótí ni monad, nítorí náà wọ́n ń wá bí wọn yóò ṣe ṣí i, wọn a sì mú fromJust, tí ń fa iye jáde nínú Just, tí ètò wọn yóò fi dá kú ní ọjọ́ tí ó bá bá Nothing pàdé. Èrò àpótí yìí burú jù lọ nínú IO, irú tí ó wà fún kíka nǹkan wọlé àti kíkọ nǹkan jáde, nítorí pé IO String kì í ṣe àpótí ọ̀rọ̀ rárá: àṣẹ ni, tí ó ń mú ọ̀rọ̀ wá nígbà tí a bá mú un ṣẹ.

Àwọn mìíràn a lo fmap, tí ń lo function lórí iye tí ó wà nínú Just. Ẹ dán an wò: fmap pinmeji (pinmeji 12) yóò fún yín ní Just (Just 3), bí ẹ bá sì fẹ́ pín in lẹ́ẹ̀kan sí i, ìpele kan yóò tún gorí èyí tí ó wà.

Nítorí náà, ẹ fi ọwọ́ kọ ìsopọ̀ náà pẹ̀lú case: bí èsì àkọ́kọ́ bá jẹ́ Nothing, Nothing ni ìdáhùn, bí ó bá jẹ́ Just x, ẹ dá pinmeji x padà láì tún fi Just bò ó. Ẹ ṣe é fún ìpín mẹ́ta, láti 12 dé 6, dé 3, dé Nothing, títí yóò fi sú yín. Ohun tí ẹ ń tún kọ ní ìgbà gbogbo yẹn gan-an ni >>=. Ẹ wá tẹ :t (>>=), kí ẹ sì ka apá m a -> (a -> m b) -> m b: m kan ṣoṣo ni ó kù ní ìparí.

Ẹ má fọwọ́ kan do, ọ̀nà ìkọ̀wé tí ń to àwọn ìgbésẹ̀ sí ìlà kọ̀ọ̀kan, fún ọ̀sẹ̀ kan, nítorí pé ó ń fi >>= pamọ́ fún ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n. Ẹ kò nílò category theory, ẹ̀ka ìṣirò kan, pẹ̀lú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú rẹ̀ ni Eugenio Moggi ti mú monad wá sínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní ọdún 1989. Ní ti òfin mẹ́ta rẹ̀, pure, tí ń fi iye lásán sínú monad bí Just ti ń ṣe, kò gbọdọ̀ yí ohunkóhun padà yálà ó ṣáájú tàbí ó gbẹ̀yìn, bí a sì ṣe pín >>= sínú àkámọ́ kò gbọdọ̀ yí èsì padà.

Ní ìparí, ẹ fi [] rọ́pò Nothing, kí ẹ fi àkójọ oní-iye-kan rọ́pò Just, ẹ sì tún irú function náà kọ sí Int -> [Int]. Bí pinmeji 12 >>= pinmeji bá fún yín ní [3] láì jẹ́ pé ẹ yí ìlà yẹn padà, ẹ lè lọ so getLine, tí ń ka ìlà kan wọlé, àti putStrLn, tí ń kọ ìlà jáde, pọ̀.