Bí Mo Ṣe Yan Wáìnì Funfun fún Àwọn Àna Wa ní Iléṣà

Nígbà tí àwọn òbí mi fẹ́ gba àwọn àna wa lálejò nílé wa ní Iléṣà, èmi ni wọ́n ní kí n mójú tó ọtí. Mo pinnu pé wáìnì funfun tí kò ládùn ni màá rà, nítorí wáìnì aládùn tí a máa ń rà fún àríyá kì í jẹ́ kí ènìyàn mọ adùn ohun tí ó ń jẹ.

Chenin Blanc láti Gúúsù Áfíríkà ni mo yàn. Àfonífojì odò Loire nílẹ̀ Faransé ni irú àjàrà yìí ti ṣẹ̀ wá, ṣùgbọ́n òun ni wọ́n gbìn jù lónìí nínú àwọn àjàrà wáìnì Gúúsù Áfíríkà, ní àwọn agbègbè bíi Stellenbosch, Paarl àti Swartland, tí kò jìnnà sí Cape Town. Iṣẹ́ àtọdúnmọ́dún ni níbẹ̀: ọjọ́ 2 oṣù Kejì ọdún 1659 ni Jan van Riebeeck, ọ̀gá àwọn ará Dutch tó tẹ̀dó síbẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ti rí wáìnì àkọ́kọ́ ṣe nínú àjàrà ilẹ̀ náà. Oòrùn ibẹ̀ mú, ṣùgbọ́n omi òkun Àtìláńtíìkì tó wà nítòsí tutù gan-an, atẹ́gùn tó ń ti orí rẹ̀ fẹ́ wá sì ń mú kí èso pọ́n díẹ̀díẹ̀, tí kíkan inú rẹ̀ kì í fi í tán.

Bí ẹmu àárọ̀ ṣe ń kan, tí ó ń le sí i bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú, bẹ́ẹ̀ náà ni ìwúkàrà ṣe ń jẹ ṣúgà inú omi àjàrà, tí ó ń sọ ọ́ di ọtí. Bí ó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́ tán, wáìnì tí kò ládùn ni yóò kù. Nítorí náà, "dry", ìyẹn ni pé kò ládùn, ni mo kọ́kọ́ wá lára ìgò. Lẹ́yìn náà ni mo wo agbára ọtí, mo sì mú èyí tí kò ju ìdá 13 nínú 100 lọ, nítorí bí ọtí bá ṣe le tó ni ata yóò ṣe máa ta ènìyàn lẹ́nu tó.

Kí àlejò tó dé, èmi àti màmá mi tọ́ ọ wò pẹ̀lú oúnjẹ ní kíṣìnnì. Mọ́ínmọ́ín ni ó bá mu jù: ẹ̀wà náà rọ̀, òróró wà nínú rẹ̀, wáìnì sì ń ṣan òróró náà kúrò lẹ́nu, tí ènìyàn fi ń fẹ́ gé òmíràn. Ẹja epìyà tí màmá mi fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ pa lára kí wọ́n tó dín in náà dára, nítorí kíkan wáìnì gbọ́dọ̀ tó kíkan oúnjẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, adùn rẹ̀ yóò sá. Ẹ̀fọ́ rírò ni kò gbà á rárá. Irú bo òórùn èso inú wáìnì mọ́lẹ̀, ata sì le sí i. Màmá mi ní, "Má fi ti iyán kún un, ọmọ mi, omi tútù ni iyán ń fẹ́." Mo gbà pẹ̀lú wọn.

Nígbà tí ọjọ́ pé, kò sí iná. Mo da yìnyín àti omi sínú báàfù, mo bu iyọ̀ sí i, mo sì ri àwọn ìgò bọ̀ ọ́ títí dé ọrùn. Omi náà ṣe kókó, nítorí yìnyín nìkan kò lè kan ìgò yí ká. Nígbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ̀ lára ìgò ni mo yọ wọ́n, torí òtútù àpọ̀jù máa ń pa òórùn wáìnì.

Mọ́ínmọ́ín àti ẹja ni a kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Lẹ́yìn tí a kó ife kúrò ni iyán tó dé pẹ̀lú omi. Bàbá àna wa jẹ iyán tiwọn tán, wọ́n sì ní kí a dá ìgò náà padà fún ẹja tí ó kù nínú àwo.