Àṣìṣe Tí Ẹ Máa Ń Ṣe Tẹ́ Ẹ Bá Ń Wá Ẹ̀rọ Tí Sígínà Yín Ò Dé Ọ̀dọ̀ Ẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú wa rí nígbà òjò ní oko ẹ̀gẹ́ kan lọ́nà Alábàtà, níbí l'Ábẹ́òkúta. A ri àpótí kéékèèké 20 mọ́lẹ̀, àwọn tó ń wọn omi inú ilẹ̀, tí ìkan ń jẹ́ iṣẹ́ fún ìkejì títí ọ̀rọ̀ á fi dé kọ̀ǹpútà tó wà nílé oko. Mẹ́rin péré ló ní GPS, tó ń fi sátẹ́láìtì mọ ibi tí wọ́n wà, torí GPS ń jẹ bátìrì, owó ẹ̀ náà ò sì kéré. Àwọn mẹ́rin yìí ni mò ń pè ní amọ̀nà, ìkan nínú wọn wà nílé oko níbẹ̀. Àwọn tó ń ro oko wá fa nọ́ńbà 7 tu, wọ́n gbé e sápá ibì kan, kò sẹ́ni tó rántí ibẹ̀ mọ́. Ó ṣì ń fọhùn o, àmọ́ kò sí amọ̀nà kankan tó ń gbọ́ ọ tààrà. Kọ̀ǹpútà ní 400 mítà ló fi jìnnà sílé, la bá ń wá a nínú ẹ̀gẹ́ tó tutù rinrin látàárọ̀ títí oòrùn fi kàntàrí, àṣé ẹ̀yìn àpáta ńlá tó wà nítòsí ilé ló wà, kò tó 150 mítà!

Àṣìṣe tó burú jù nìyẹn, kí ẹ ka hop, ìyẹn fífò tí iṣẹ́ ń fò láti àpótí kan bọ́ sí ìkejì, kí ẹ sì rò pé ọ̀nà tààrà lẹ kà. Ọ̀nà tá a lò ni wọ́n ń pè ní DV-Hop, iṣẹ́ Dragos Niculescu àti Badri Nath ní Yunifásítì Rutgers l'Ámẹ́ríkà, láti nǹkan bíi 2001. Kò le rárá: tí amọ̀nà méjì bá mọ̀ pé 300 mítà ló wà láàárín àwọn, tí iṣẹ́ tí wọ́n rán síra wọn sì gba hop mẹ́ta, a jẹ́ pé hop kan jẹ́ 100 mítà nìyẹn, tí àpótí tó sọnù bá wá wà ní hop mẹ́rin, wọ́n á ní 400 mítà ni. Ní pápá gbalasa, ó dáa. Àmọ́ ìlú wo la wà? Àpáta ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ gba inú ẹ̀ kọjá, ó ní láti yí i po. Ṣé ẹni tó bá yí Olúmọ po láti ẹ̀yìn bọ́ síwájú, ẹsẹ̀ tó fi rìn la máa kà sí bí Olúmọ ṣe nípọn tó ni? Odò Ògùn náà ńkọ́, ta ló ri àpótí sójú omi? Ibi tí hop bá ti pọ̀ tó sì ṣẹ́ kọ́rọ́, ẹ má fọkàn tán an, ẹ gbọ́ tẹni tó sún mọ́ ọn jù. Amọ̀nà kan wà lẹ́yìn oko tí hop méjì péré wà láàárín òun àti nọ́ńbà 7, ó ti ń sọ òótọ́ fún wa látàárọ̀, àwa la ò dá a lóhùn.

Ẹ má sì fi agbára sígínà ṣe rúlà. Ní gbangba, tí ọ̀nà bá di ìlọ́po méjì, sígínà á lọ sílẹ̀ ní 6 dB (dB ni wọ́n fi ń wọn bí agbára sígínà ṣe ń lọ sókè sódò), òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ewé tútù tàbí èèyàn tó dúró síwájú ẹ̀ lè jẹ 6 dB yẹn tán, ìṣirò á wá ní nǹkan tó wà ní 40 mítà wà ní 80. Àwọn kan á ní àwọn á wọ̀n ọ́n nígbà ọgọ́rùn-ún kí àwọn wá pín in, ewé náà kúkú wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà ọgọ́rùn-ún.

Tí ẹ bá tò àwọn amọ̀nà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní ìlà kan ṣoṣo torí pé ibẹ̀ yá láti dé, ìṣirò ò ní mọ̀ bóyá apá ọ̀tún ni ẹ̀rọ wà àbí apá òsì, torí iye kan náà ni méjèèjì máa fún un. Ẹ tú wọn ká sígun oko, ó kéré tán mẹ́ta tí ò wà ní ìlà kan. Èyí tẹ́ ẹ bá sì fi ìṣirò rí, ẹ má sáré sọ òun náà di amọ̀nà, àṣìṣe mítà 10 tó wà lára ẹ̀ á máa bímọ lé àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti àmì tó ń hàn lórí máàpù. Àmì yẹn kì í ṣe ojú ibi gangan, róbótó tó yí i po ni ìdáhùn, gbogbo inú róbótó yẹn ni ẹ̀rọ lè wà. Tí fóònù bá wọ ibi tí GPS ò ti rí ojú ọ̀run, ó lè jẹ́ Wi-Fi tàbí másìtì ló kù tí wọ́n á fi wá a, bẹ́ẹ̀ lórí 2G, nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù àtijọ́, ìpele tí másìtì fi ń mọ bí fóònù ṣe jìnnà tó, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó 550 mítà. Ilé mélòó ló wà nínú 550 mítà ní Sápọ́n? Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá fóònù tó sọnù fẹ́ já ilẹ̀kùn ìyá àgbàlagbà kan torí àmì bọ́ sórí òrùlé ẹ̀, ọwọ́ màmá ń gbọ̀n, kọ́kọ́rọ́ ń já bọ́ lọ́wọ́ wọn. Abẹ́ ìjókòó kẹ̀kẹ́ márúwá tó dúró sí òdìkejì títì ni wọ́n ti rí fóònù.