Bẹ́ ẹ ṣe lè tètè mọ bí ọ̀nà ṣe jìn tó lórí máàpù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń múra Jọ́gíráfì WAEC, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba èyí lọ́wọ́ mi. Tẹ́ ẹ bá rí síkéèlì 1:50,000, ìyẹn ni pé sẹ̀ǹtímítà kan lórí máàpù dúró fún 50,000 sẹ̀ǹtímítà lórí ilẹ̀, ẹ má wulẹ̀ kó gbogbo òdo yẹn sínú ìṣirò. Kìlómítà kan jẹ́ 100,000 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ fi 100,000 pín 50,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, 0.5 ló máa jẹ́: sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan lórí máàpù jẹ́ ìdajì kìlómítà lórí ilẹ̀. Tí rúlà bá fún yín ní 7.4 cm, 3.7 km nìyẹn.

Ọ̀nà tó bá ṣe kọ́lọkọ̀lọ ni ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù máàkì, torí rúlà ò ṣe é tẹ̀. Etí bébà ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ fi ṣóńṣó pẹ́ńsù tẹ ibi tí ọ̀nà ti yà, ẹ yí bébà náà tẹ̀ lé e, kẹ́ ẹ sì máa sàmì bẹ́ẹ̀ títí dé òpin, kẹ́ ẹ tó gbé e lé rúlà. Ẹ tún lè fi òwú tọ ọ̀nà náà, àmọ́ ẹ má fà á le jù.

Ẹ ṣọ́ra fún máàpù tí wọ́n fi fọ́tókọ́pì sọ di ńlá tàbí kékeré o: 1:50,000 tí wọ́n kọ sí i kò jóòótọ́ mọ́. Ìlà tó ní 0, 1, 2 km lára nísàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbára lé, torí òun àti máàpù ni wọ́n jọ yí padà.

Tó bá sì jẹ́ bí ilẹ̀ ṣe fẹ̀ tó ni wọ́n béèrè, 0.5 × 0.5 ni: 1 cm² jẹ́ 0.25 km².