Ẹ Yí Ọmọ Padà, Ẹ Wo Ẹ̀yìn Ẹ̀: Bá A Ṣe Ń Dá Spina Bifida Mọ̀

Ẹ̀yin ìyá àgbà tẹ́ ẹ máa ń wẹ ọmọ tuntun ní Ifẹ̀ àti Iléṣà, títí dé àwọn abúlé kòkó lọ́nà Ìfẹ̀wàrà àti Òṣú, ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ fẹ́ bá sọ̀rọ̀, torí kò sẹ́ni tó ń rí ẹ̀yìn ọmọ bíi yín. Ara ìyá ọmọ ò tíì balẹ̀, bàbá ọmọ ń sáré owó ìkómọ, ẹ̀yin lẹ jókòó sórí àpótí tẹ́ ẹ na ẹsẹ̀ méjèèjì, tẹ́ ẹ gbé ọmọ lé e pẹ̀lú kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú. Níbi tẹ́ ẹ ti yí i dojú bolẹ̀ yẹn, kẹ́ ẹ tó da omi sí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ wo egungun ẹ̀yìn ẹ̀ láti ọrùn títí dé ibi tí ìdí ti là.

Tẹ́ ẹ bá rí kókó kan níbẹ̀ tó rọ̀ bí àpò omi, tí awọ ẹ̀ fẹ́lẹ́ tàbí tí kò tiẹ̀ ní awọ lórí, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ló sì máa ń wà jù, spina bifida nìyẹn, ìyẹn egungun ẹ̀yìn tí kò padé látinú oyún, ọjọ́ yẹn gan-an lẹ gbọ́dọ̀ gbé ọmọ dé ọsibítù. Ẹ má gún un, ẹ má fún un, ẹ má fi àdí pa á, kò sí òrí, kò sí àgúnmu, kò sí fífi omi gbígbóná jó o. Inú kókó yẹn, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé iṣan tó ń gbé ẹsẹ̀ ọmọ ló wà níbẹ̀, tó bá sì bẹ́, kòkòrò àìsàn á gbabẹ̀ wọlé lọ bá ọpọlọ. Tí nọ́ọ̀sì bá wà nítòsí, kó fi gọ́ọ̀sì mímọ́ tí wọ́n rẹ sínú omi dríìpù oníyọ̀ bò ó, kó wá fi náílọ́ọ̀nù mímọ́ lé e lórí kó má bàa gbẹ. Tí kò bá sí nọ́ọ̀sì, aṣọ mímọ́ tó rọ̀, tẹ́ ẹ rẹ sínú omi tẹ́ ẹ ti sè tó ti tutù, ẹ rọra fi bò ó. Ẹ jẹ́ kó dojú bolẹ̀ tàbí kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi aṣọ bo ara ẹ̀ tó kù nítorí òtútù. Ẹ má pọ̀n ọ́n o! Mo mọ̀ pé ọ̀kadà lẹ máa gùn, ṣùgbọ́n ọ̀já á tẹ kókó yẹn, ẹ gbé e mọ́ àyà.

Wesley Guild Iléṣà àti ọsibítù ńlá Ifẹ̀, abẹ́ kan náà ni wọ́n wà, OAUTHC, ìyẹn àkójọ ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, àwọn dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ọpọlọ àti ẹ̀yìn sì wà ní Ifẹ̀. Láàárín ọjọ́ méjì mẹ́ta tí wọ́n bí i ni wọ́n máa ń fẹ́ dí ihò yẹn, ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi gbọdọ̀ sọ pé ó di ẹ̀yìn ìkómọ.

Kí ló fà á? Nígbà tí oyún ṣì kéré, ibi tí ọpọlọ àti okùn iṣan ẹ̀yìn ti máa jáde tẹ́ pẹrẹsẹ, ó máa wá ká bí ìgbà téèyàn ń ká ewé mọ́ínmọ́ín, etí kan á lẹ̀ mọ́ ìkejì. Tí ewé ò bá padé dáadáa, ẹ mọ̀ pé mọ́ínmọ́ín á jò jáde. Bó ṣe rí náà nìyẹn, egungun tó yẹ kó bo ibẹ̀ ò ní padé. Ọjọ́ 28 péré lẹ́yìn tí oyún dúró ni gbogbo ẹ̀ ti parí, ìyá tiẹ̀ lè má tíì mọ̀ pé òun lóyún. Kì í ṣe pé ó rìn lọ́sàn-án gangan, kì í ṣe àfọwọ́fà ẹnikẹ́ni. Ní Ifẹ̀ níbí àwọn àgbà á ní ẹni òòṣà ni, Ọbàtálá ló mọ ọ́n bẹ́ẹ̀, mi ò bá wọn jà torí ọ̀rọ̀ yẹn ń jẹ́ kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún ọmọ, àmọ́ ẹni òòṣà náà nílò dókítà.

Ẹ wo ẹsẹ̀ náà. Ẹ rin ín ní àtẹ́lẹsẹ̀, ṣé ó fà á sókè àbí ó kàn wà bẹ́ẹ̀? Ṣé ẹsẹ̀ yí wọnú? Ṣé ìtọ̀ ń kán tó-tó-tó láìdáwọ́ dúró, tí kì í tú jáde bíi ti ọmọ yòókù? Ọmọ tí iṣan ẹ̀ ò dé ẹsẹ̀ kì í mọ̀ tí nǹkan bá ń jó o, torí náà ẹ fọwọ́ ara yín dán omi ìwẹ̀ wò.

Orí ńkọ́? Ẹ gbé ọmọ nàró mọ́ àyà nígbà tí kò sunkún, ẹ wo àwùjẹ̀. Tó bá wú sókè tó le, tí orí ń tóbi kíákíá, tí ọmọ ń bì tàbí tó ń sùn jù, tí ojú ẹ̀ ń wolẹ̀ ṣáá bí oòrùn tó fẹ́ wọ̀, omi ti ń gbára jọ sínú orí nìyẹn, ó sì wọ́pọ̀ lára àwọn tí kókó ẹ̀yìn wọn le. Wọ́n lè fi tíúbù kékeré fà á lọ sínú ikùn. Ẹ ní kí wọ́n máa fi téèpù wọn orí ẹ̀ ní kíníìkì, kí wọ́n kọ ọ́ sí káàdì. Ìmẹ̀sí-Ilé níbí náà ni dókítà David Morley ti ṣiṣẹ́ lórí káàdì ìdàgbà ọmọ láyé 1950 sí 1960, káàdì wa ni, ká má sọ ọ́ nù.

Èyí tó fara pamọ́ wà o. Kò ní kókó, awọ ti bò ó, ohun tẹ́ ẹ máa rí ò ju irun tó hù ṣùù lórí egungun ẹ̀yìn, tàbí ihò kékeré tó wà lókè ju ibi tí ìdí ti là lọ, tàbí ọ̀rá kan tó wú, tàbí àpá pupa. Ọ̀pọ̀ ló ní i tí nǹkan kan ò ṣe wọ́n títí dọjọ́ ogbó, torí náà ẹ má jáyà, ẹ ṣáà fi han dókítà. Àpá aláwọ̀ aró tó máa ń wà nídìí àwọn ọmọ wa, ìyẹn ò sí nínú ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ atọ̀ọ́lé ló ń dùn mí jù. Ọmọ tó ti ń dá jí tọ̀, tó wá di ọmọ ọdún mẹ́jọ tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé, tí ẹ̀yìn ń dùn ún, tí ìrìn ẹ̀ yí padà tó ń kọsẹ̀, ẹgba lẹ fi ń tọ́jú ẹ̀, ẹ tún ń kọrin sí i níta! Ẹ bọ́ aṣọ ẹ̀, ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀. Ó lè jẹ́ pé okùn iṣan ló so mọ́ ibì kan níbẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti bí i, bó ṣe ń ga ni okùn ń le, ẹgba ò sì lè tú u.

Kí ọmọ má bàa ní i, fólíkì ásíìdì ni, kóró fítámì kékeré yẹn, máíkírógíráàmù 400 lójúmọ́, látìgbà téèyàn bá ti ń wá oyún títí oyún á fi pé oṣù mẹ́ta. Ẹni tó dúró dìgbà tó máa forúkọ sílẹ̀ lóṣù karùn-ún, ihò ti padé tàbí kó má padé láti oṣù kìíní, ẹ má jẹ́ kó ṣe yín ní kàyéfì. Ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹ̀pà àti ọsàn ní i nínú, ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ tá a bọ̀ tá a fún omi ẹ̀ dànù, fólíkì púpọ̀ bá omi lọ, oúnjẹ nìkan ò tó. Ẹni tó ń lo oògùn wárápá, pàápàá valproate, tàbí tó ní ìtọ̀ ṣúgà, kó rí dókítà kó tó lóyún, kó má sì dá oògùn dúró fúnra ẹ̀. Ìyá tó ti bí irú ọmọ yìí rí, tiẹ̀ ju 400 lọ, mílígíráàmù 4 tàbí 5 ni, dókítà ló máa kọ ọ́, ọjọ́ tó bá lọ yọ ìfètò-sọ́mọ-bíbí ni kó béèrè ẹ̀.