Bẹ́ ẹ ṣe máa dá Impressionism mọ̀ yàtọ̀ sí Expressionism

Ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà ya àwòrán ni Impressionism àti Expressionism. Orúkọ wọn ló jọra, ìyẹn ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Tẹ́ ẹ bá dúró síwájú àwòrán, ẹ má tíì wá orúkọ ẹni tó yà á, ìmọ́lẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ṣé oòrùn àárọ̀ ni àbí ti ìrọ̀lẹ́, ṣé kùrukùru wà lójú omi? Tẹ́ ẹ bá ti lè sọ ìgbà tó jẹ́ láàárín ọjọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Impressionism. Ẹ wo èbúté Le Havre tí ayàwòrán Monet yà ní Faransé ní 1872, tẹ́ ẹ bá sún mọ́ ọn, àmì búrọ́ọ̀ṣì lẹ máa rí, àfi kẹ́ ẹ sún sẹ́yìn kí omi àti ọkọ̀ tó hàn, ó dùn-ún wò gan-an.

Expressionism ní tiẹ̀, ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó ń yà á ló jẹ ẹ́ lógún. Kirchner àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó dá ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán tó ń jẹ́ Die Brücke sílẹ̀ ní Dresden, Jámánì, ní 1905, wọ́n lè kun ojú èèyàn láwọ̀ ewé, kí wọ́n sọ ara ẹ̀ di ṣóńṣó, torí kẹ́ ẹ lè mọ bí ìgboro ṣe rí lára wọn. Ẹ má kàn fi àwọ̀ títàn dájọ́ o, àwọn méjèèjì ló ń lò ó.