Bí mo ṣe pín àwọn thin client sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́ nínú ltsp.conf

Server kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀rọ náà ti ń gbéra, kò sí èyí tó ní hard disk nínú wọn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kò dọ́gba. Àwọn kan wà fún ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, wọn kò gbọ́dọ̀ béèrè orúkọ tàbí páásíwọ̀ọ̀dù rárá. Àwọn tó kù jẹ́ ti òṣìṣẹ́, oníkálukú á sì fi orúkọ tirẹ̀ wọlé. Nínú ti òṣìṣẹ́ yìí, àwọn kan ń lo mọ́nítọ̀ àtijọ́ tí kì í sọ ìwọ̀n tó lè gbé fún kọ̀ǹpútà.

LTSP (Linux Terminal Server Project, ètò tó ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ gbéra láti orí server kan) ni mo lò, èyí tí wọ́n tún kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ní 2019. Ẹ fi ọdún yẹn sọ́kàn, torí pé ọ̀pọ̀ ìtọ́sọ́nà tó ṣì wà níta jẹ́ ti LTSP 5. Ibi tí ẹ bá ti rí lts.conf, LIKE tàbí LDM_AUTOLOGIN, ẹ kọjá lọ. Ti tuntun kò mọ̀ wọ́n. Fáìlì tiwa ni /etc/ltsp/ltsp.conf. Àfi kí ẹ fi ọwọ́ ara yín gbé e síbẹ̀:

install -m 0660 -g sudo /usr/share/ltsp/common/ltsp/ltsp.conf /etc/ltsp/ltsp.conf

Ẹ má ṣe yí 0660 yẹn padà: páásíwọ̀ọ̀dù máa wà nínú fáìlì náà.

Abala ni wọ́n pín fáìlì yìí sí. [server] jẹ́ ti server nìkan, [clients] jẹ́ ti gbogbo ẹ̀rọ tó ń gbéra lórí rẹ̀, [common] sì kan tọ̀túntòsì. Ẹ tún lè ṣí abala fún ẹ̀rọ kan pàtó pẹ̀lú MAC (nọ́ńbà tí a fi ń dá káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ mọ̀), IP (àdírẹ́sì rẹ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) tàbí orúkọ rẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí ọ̀wọ́ ṣeé ṣe ni pé ẹ lè dá abala sílẹ̀ ní orúkọ tó bá wù yín, kí ẹ wá fi INCLUDE pè é níbi tí ẹ bá ti nílò rẹ̀. Mo máa ń fi ìlà ìsàlẹ̀ (_) sínú orúkọ ọ̀wọ́, nítorí pé orúkọ kọ̀ǹpútà kì í ní in. Ọ̀wọ́ àti ẹ̀rọ kò sì ní jẹ́ orúkọ kan náà láé.

Kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ kó MAC gbogbo ẹ̀rọ jọ. Ó máa ń hàn lójú ẹ̀rọ nígbà tí PXE (ètò ìgbéra láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) bá ń wá DHCP (èyí tó ń pín IP). Bí ẹ̀rọ kan bá ní káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì, èyí tó fi ń gbéra ni kí ẹ kọ. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ tí mo fún un.

Ohun tó wà nínú fáìlì náà nìyí:

[ero_alejo]
AUTOLOGIN="wa/alejo"
RELOGIN=1
PASSWORDS_ALEJO="alejo[^:]*/YWxlam8K"

[ero_atijo]
X_HORIZSYNC="28.0-87.0"
X_VERTREFRESH="43.0-87.0"
X_MODES='"1024x768" "800x600" "640x480"'

[3c:07:71:a2:02:e3]
HOSTNAME=wa01
INCLUDE=ero_alejo

[3c:07:71:a2:02:e4]
HOSTNAME=wa02
INCLUDE=ero_alejo

[3c:07:71:a2:02:e5]
HOSTNAME=ise01
INCLUDE=ero_atijo

AUTOLOGIN ni mo fẹ́ràn jù níbẹ̀. "wa/alejo" túmọ̀ sí pé kí ó mú orúkọ ẹ̀rọ, kí ó fi alejo rọ́pò wa: wa01 á wọlé gẹ́gẹ́ bí alejo01, wa02 gẹ́gẹ́ bí alejo02. Ìlà kan péré, síbẹ̀ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní àkáǹtì tirẹ̀. Àwọn àkáǹtì náà gbọ́dọ̀ ti wà lórí server, páásíwọ̀ọ̀dù wọn sì gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà ní PASSWORDS mu, torí SSH (ọ̀nà ìwọlé sórí server láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) ni wọ́n fi ń wọlé. Láti sọ páásíwọ̀ọ̀dù di irú èyí tó wà ní PASSWORDS, ẹ tẹ base64, ẹ kọ páásíwọ̀ọ̀dù, ẹ tẹ Enter, lẹ́yìn náà Ctrl+D. Ohun tó bá gbé jáde ni kí ẹ kọ sẹ́yìn ìlà ìdábùú (/). Òṣìṣẹ́ kò nílò abala kankan fún ìwọlé. Àìsí AUTOLOGIN ti tó wọn.

Ẹ kíyè sí àmì ọ̀rọ̀ tó wà ní X_MODES: ẹyọ kan níta, méjìméjì nínú. Shell ni fáìlì yìí máa ń dà nígbẹ̀yìn, nítorí náà òfin shell ló ń tẹ̀ lé. Bí ẹ bá yọ ti ìta kúrò, ìtò mọ́nítọ̀ á bàjẹ́. Bákan náà, ẹ má fi àlàfo sí ẹ̀gbẹ́ àmì =; "HOSTNAME = wa01" kò ní ṣiṣẹ́. Nọ́ńbà X_HORIZSYNC àti X_VERTREFRESH sì gbọ́dọ̀ wá láti inú ìwé mọ́nítọ̀ yín, kì í ṣe láti inú àpẹẹrẹ mi. Bí ẹ̀rọ kan bá ní ohun tó yàtọ̀ díẹ̀ sí ọ̀wọ́ rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sí abẹ́ INCLUDE, kí ó lè borí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń sọ wákàtí nù ni èyí: ẹ̀rọ kì í ka ltsp.conf tààrà láti orí server. Inú /srv/tftp/ltsp/ltsp.img ni wọ́n máa ń dì í sí, àṣẹ tó sì ń dì í ni:

ltsp initrd

Gbogbo ìgbà tí ẹ bá fọwọ́ kan fáìlì náà ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́, àti ìgbà tí ẹ bá fi aṣàmúlò tuntun kún server, torí orúkọ wọn wà nínú ìdì kan náà. Bí ìyípadà bá kọ̀ tí kò hàn, ẹ kọ́kọ́ fi ls -l wo aago ltsp.img, bí ó bá dàgbà ju ltsp.conf lọ, ẹ ti rí i nìyẹn.

Ètò mẹ́ta kan yàtọ̀: DEFAULT_IMAGE, KERNEL_PARAMETERS àti MENU_TIMEOUT. Ẹ̀rọ nílò wọn kí kernel (ọkàn Linux) tó jí, nítorí náà ltsp ipxe ló ń kó wọn. Abẹ́ MAC ni mo kọ wọ́n sí. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó kan gbogbo ẹ̀rọ, [server] ni ibi tó tọ́, kì í ṣe [clients]. Ibí ni ẹ máa wá bí ojú ẹ̀rọ bá dúdú kí ó tó dé ibi ìwọlé: KERNEL_PARAMETERS="nomodeset". X_MODES kò lè gba ẹ̀rọ náà níbẹ̀, X (ètò tó ń gbé àwòrán sójú ẹ̀rọ) kò tíì dìde. Tí ẹ bá sì fi ètò tuntun sórí server, ltsp image / ni àṣẹ tiẹ̀.

Ẹ lè lo IP dípò MAC, bíi [192.168.67.*], ó sì rọrùn bí ẹ̀rọ bá pọ̀. Ṣùgbọ́n bí dnsmasq yín (ètò orí server tó ń dá ẹ̀rọ tó ń gbéra lóhùn) bá ń ṣe proxyDHCP, ìyẹn ni pé ó ń sọ ibi ìgbéra nìkan, ráútà ló ń pín IP. Dhcp-host tí ẹ kọ sínú dnsmasq láti fún ẹ̀rọ ní IP kò ní ṣe nǹkan kan. Orí ráútà ni kí ẹ ti dá IP dúró.

Láti yẹ iṣẹ́ wò, mo tan ẹ̀rọ kan nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, mo sì tẹ hostname. Bí orúkọ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ltsp, bíi ltsp20, kò sí abala tó bá a mu: MAC ti ṣì kọ, tàbí wọ́n ti pààrọ̀ káàdì rẹ̀. Bí orúkọ bá tọ́ ṣùgbọ́n tí ètò ọ̀wọ́ kò wọlé, ẹ wo bí ẹ ṣe kọ orúkọ ọ̀wọ́ náà. DEBUG_LOG=1 lábẹ́ [clients] á kọ àṣìṣe sínú /run/ltsp/debug.log lórí ẹ̀rọ náà.

Base64 kì í ṣe ìpamọ́, ẹnikẹ́ni lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì lè fi TFTP (ọ̀nà tí ẹ̀rọ fi ń fa fáìlì nígbà ìgbéra) fa ltsp.img kí ó tú u. Nítorí náà alejo01 àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò sí nínú sudo (ẹgbẹ́ alábòójútó), mi ò sì kọ páásíwọ̀ọ̀dù òṣìṣẹ́ kankan sínú fáìlì náà.