Bàbá kan, àkọsílẹ̀ méjì: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú Django

Ẹni tó bá ń fi Django (irinṣẹ́ Python fún kíkọ́ sáìtì) kọ́ sáìtì fún oníbàárà l'Ákùúrẹ́ níbí, kì í pẹ́ tí yóò fi bá kòkó pàdé. Ẹnì kan tó ń ra kòkó láti Ìdànrè ní kí n ṣe àkọsílẹ̀ fún òun: orúkọ àgbẹ̀ lọ́tọ̀, àpò tó kó wá lọ́tọ̀, ForeignKey, ìyẹn àyè tó ń tọ́ka láti àpò sí àgbẹ̀ tó ni ín, ló so wọ́n pọ̀.

Nọ́ńbà fóònù ni mo ti kọ́kọ́ ṣìnà. Ẹ má fi í sínú IntegerField (àyè fún iye); òdo iwájú á pòórá, 0803 á di 803. CharField (àyè fún ọ̀rọ̀) ni kí ẹ lò. Síbẹ̀, akọ̀wé kan tẹ 0803, èkejì tẹ +234803, bàbá kan ṣoṣo bá di ẹni méjì. Inú clean_foonu (iṣẹ́ tí Django máa ń pè láti yẹ àyè fóònù wò) nínú ModelForm, ìyẹn fọ́ọ̀mù tó so mọ́ àkọsílẹ̀ wa, ló yẹ kí n ti sọ méjèèjì di bákan náà. Ẹ má gbàgbé return níbẹ̀ o! Bí kò bá sí, None ni Django máa fi rọ́pò nọ́ńbà náà, fọ́ọ̀mù á wá máa ní àyè yẹn ò gbọdọ̀ ṣófo, nígbà tí ẹ sì ń fojú yín rí nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀. Odindi ọ̀sán kan ló gbà lọ́wọ́ mi.

Required inú HTML, tí kì í jẹ́ kí èèyàn fi àyè sílẹ̀ lófìfo, ńkọ́? Ẹni tó bá gbọ́n á fò ó kọjá. is_valid(), àyẹ̀wò fọ́ọ̀mù lórí sáfà, ni kó dá ẹjọ́.

Fọ́ọ̀mù nìkan kọ́ sì lẹnu ọ̀nà. Àwọn orúkọ tí mo fi objects.create() kó wọlé láti inú Excel kò gba inú fọ́ọ̀mù kọjá rárá, save() kì í sì í pe full_clean(), tó ń yẹ gbogbo àyè wò, fúnra rẹ̀. Ẹ tún nọ́ńbà ṣe kí ẹ tó kó wọn wọlé, kí unique=True (tí kì í gba nọ́ńbà kan náà lẹ́ẹ̀mejì) sì wà lórí àyè fóònù nínú model, ìyẹn àpèjúwe àkọsílẹ̀ náà, kí dátábéèsì fúnra rẹ̀ máa ṣọ́ ọ.

Èyí tó dùn mí jù rèé. Mo rí bàbá ẹlẹ́ẹ̀mejì yẹn, mo pa ọ̀kan rẹ́. on_delete ló ń sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí àpò bí a bá pa àgbẹ̀ rẹ́; on_delete=models.CASCADE ni mo ti kọ, bí gbogbo wa ṣe máa ń dà á kọ. Gbogbo àpò tó wà lórúkọ yẹn bá a lọ. Láti Django 2.0 ni wọ́n ti sọ on_delete di dandan kí èèyàn lè ronú kó tó yàn. Èmi ò ronú. Nínú oṣù kọkànlá, tí kòkó ń wọlé wìtìwìtì, ni mo jókòó ti rísíìtì, mò ń tún wọn tẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

PROTECT ni kí ẹ lò níbi tí owó bá wà. Django á kọ̀ láti pa àgbẹ̀ tó ṣì ní àpò rẹ́. Bí ó bá di dandan kí ẹ pa ọ̀kan rẹ́, Apo.objects.filter(agbe=ekeji).update(agbe=ekinni), tó ń kó àpò èkejì sọ́dọ̀ èkínní, ni kó ṣáájú. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ tó fọwọ́ kan delete().